Abẹ́rẹ́ Inú Àpòòwé

Ní Oríta Mẹ́fà, wọ́n gbé abẹ́rẹ́ kan dé ọ̀dọ̀ bàbá mi,
kò ní oògùn nínú,
kò ní ihò tí òwú lè gbà kọjá,
ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ẹṣin.
Yékínnì télọ̀, ará Òkè-Àrẹ̀mọ,
tó ti fi ogójì ọdún gún aṣọ àwọn ẹlòmíràn,
wò ó bí ẹni tó pàdé ọmọọṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́
nínú aṣọ ọlọ́pàá.

Àlàmísì ló ṣẹlẹ̀. Ó ń gé ọrùn bùbá kan lọ́wọ́,
sísọ́ọ̀sì bọ́.
Ó bẹ̀rẹ̀ kó mú un, ọwọ́ ọ̀tún kọ̀.
Ó fẹ́ pe "Ráfátù," "fá" nìkan ló jáde,
ìyókù ń kán sí i ní àgbọ̀n.
Ẹ̀gbà, ni àwọn ará ilé ń sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́,
bí ẹni pé àrùn náà létí.
Ẹnìkan ní ká rọ epo sí i lẹ́nu.
Mo ní ẹ bá mi gbé e sínú Máíkírà.

Dókítà Fáṣèyítán jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì,
bàtà rẹ̀ ti jẹ ní gìgísẹ̀.
"Oògùn tí a mọ̀, a ó fún un.
Èyí, orí rẹ̀ la ó fi lé.
Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lò ó ní Ṣáínà,
ṣùgbọ́n pípẹ́ kọ́ ni ẹ̀rí."
Mo ní, ṣé ó ń ṣiṣẹ́?
Ó ní, "Tí mo bá mọ̀ ni, kí ni mo fẹ́ wá bi ọ́ sí?"

Abẹ́rẹ́ méjì ló wà.
Ọ̀kan ń wọ ara.
Èkejì kújú, bó bá kan awọ
a sá padà sínú ìdí ara rẹ̀ bí orí ahun.
Àpòòwé ló mọ èyí tó kan ẹni.
Aláìsàn ò gbọdọ̀ mọ̀, nọ́ọ̀sì ò gbọdọ̀ mọ̀,
èmi tí mo fọwọ́ síwèé ò gbọdọ̀ mọ̀.
Tẹ́tẹ́ kọ́ yìí?
Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.
Mo fọwọ́ sí i.

Lóru ọjọ́ kẹta, mo ń fi aṣọ tútù nu ara rẹ̀.
Télọ̀ lèmi náà.
Mo mọ aṣọ tí a tú:
òwú á lọ, ojú abẹ́rẹ́ ò ní í lọ.
Mo wá ìgbọ̀nwọ́, mo wá orúnkún,
mo gbé iná fóònù sún mọ́ orí rẹ̀ tí wọ́n fá.
Kò sí ojú kankan.
Ó dán bí àǹkárá tí ẹnikẹ́ni ò tíì gé.

Ó fi ọwọ́ òsì mú àtàǹpàkò mi,
ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó jọ̀wọ́ rẹ̀.
Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún jọ̀wọ́.
Ó ti mọ̀ kí n tó mọ̀!
Ìdajì ẹnu tó kù fún un ń rẹ́rìn-ín.
"Ṣé kí n sọ fún wọn?"
Ó gbọn orí.
Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó na apá fún nọ́ọ̀sì
bí oníbàárà ti ń na apá fún téépù.

Ṣíyanbọ́lá, awakọ̀ tírélà, wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì.
Tiẹ̀ ń wọlé ní tòótọ́, igbe rẹ̀ ló jẹ́ ká mọ̀.
Ojoojúmọ́ ni bàbá mi ń ṣọ́ ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn,
bí ẹni tó yá a lówó.

Ọjọ́ kẹsàn-án, ìka ọ̀tún bàbá mi mì.
Ọ̀la rẹ̀, ẹsẹ̀ Ṣíyanbọ́lá.
Kí ló mì wọ́n?
Omi tí wọ́n ń fà sí wọn lára?
Ọmọbìnrin tó ń tẹ oríkèé wọn láràárọ̀?
Ọlọ́run? Abẹ́rẹ́? Àìwọlé abẹ́rẹ́?
Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀.
"Ẹni méjì ò tó. Ọgọ́rùn-ún mẹ́ta là ń dúró dè."

A ti wà nílé báyìí.
Ó ń fi ọwọ́ òsì ti òwú sí ojú abẹ́rẹ́,
òwú ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá.
Ó kọ̀ kí n bá a ṣe é.
Oníbùbá ti wá lẹ́ẹ̀mẹta.